Òwe ni mo fi kọ́ Hindi, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Hindi lónìí, áàpù orí fóònù ló máa kọ́kọ́ wà jáde. Áàpù ọ̀hún á sì kọ́ ọ pé ọmọkùnrin kan ń mu omi, ọmọbìnrin kan ń jẹ búrẹ́dì. Kò burú, ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ bá sọ ìyẹn lọ́jà? Ìwé ló gbé mi dé Delhi, ní Íńdíà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì, nítorí náà ẹni tó bá wù lè kàwé jáde níbẹ̀ láìmọ̀ ju "namaste" lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èmi ò fẹ́ máa gbé láàárín èèyàn bí odi, ni mo bá gbá òwe mú.

Òwe kúrú, ó sì ní ìlù tirẹ̀ nínú, kì í pẹ́ wọ orí. Gbólóhùn tí ẹ fúnra yín bá hun lè wọ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ há sórí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò níbi tó wọ́. Gírámà inú rẹ̀ á ti wọ̀ yín lára kí ẹ tó mọ orúkọ tí àwọn olùkọ́ ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú ibi tó máa ń dá gbogbo wa dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ Hindi ló ní akọ tàbí abo, títí kan tábìlì àti bàtà. Níbi tí àwa ti ń sọ pé "adìẹ ilé", àwọn ní láti ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ àárín: ka, ki tàbí ke. Ohun tí a ní ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa lò, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Mo ka òfin yẹn nínú ìwé títí, kò yé mi délẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ "ghar ki murgi daal barabar": adìẹ ilé ẹni ò yàtọ̀ sí daal, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sè lójoojúmọ́. Murgi, adìẹ, abo ni, ló ṣe gba ki. Èkejì ni "bandar kya jaane adrak ka swaad", kí ni ọ̀bọ mọ̀ nínú adùn atalẹ̀? Swaad, adùn, akọ ni, ó gba ka. Ẹ̀kẹta ni "oont ke munh mein jeera", jeera lẹ́nu ràkúnmí. Munh, ẹnu, akọ ni òun náà, ṣùgbọ́n mein tó tẹ̀ lé e, tó túmọ̀ sí nínú, ti sọ ka di ke. Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ há mi lẹ́nu, adìẹ, ọ̀bọ àti ràkúnmí yìí ni mo kọ́kọ́ ń bi.

Jeera yẹn, èso wẹ́wẹ́ olóòórùn dídùn tí wọ́n ń dà sí òróró gbígbóná ni. Ẹ wo ẹnu ràkúnmí, ẹ wo èso tíńtín: ohun tí kò tó nǹkan kan fún ẹni tí ebi ń pa. Ní Delhi, bí ẹ bá ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, wọ́n máa ń fi ewé dhaniya àti ata tútù díẹ̀ ṣe èènì. Lọ́jọ́ kan, ewé tí ọ̀kan nínú wọn fún mi kò ju ìtì ìka méjì lọ, bẹ́ẹ̀ mo ti ra ànàmọ́, tòmátì àti àlùbọ́sà kún àpò. Mo gbé ewé náà sókè, mo ní, "Bhaiya, oont ke munh mein jeera!" Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá gbọ́ ohun tí àlejò yìí sọ. Lẹ́yìn náà ló fa odindi ìdì kan yọ fún mi. Kò sí gbólóhùn inú áàpù tó lè ra ìyẹn. (Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni bhaiya. Bí irun ẹni náà bá ti funfun, ẹ pè é ní chacha tàbí uncle-ji. Àwọn náà kì í fi orúkọ àgbà ṣeré.)

Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ jù ni pé kí ẹ má fi àwòrán inú òwe wọn mú òwe tiwa. Ohun tó fa òwe náà jáde ni kí ẹ máa wò. "Ek haath se taali nahin bajti", ọwọ́ kan kì í pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa á ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ìyá onílé wa, Aunty-ji tí gbogbo wa ń pè é, sọ ọ́ nígbà tí ayálégbé méjì jà lórí omi, tí oníkálùkù ní ẹnìkejì ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé kò sí ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú ìjà náà. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá tiwa ló sún mọ́ ọn ju ọ̀rọ̀ ẹrù lọ. Nínú ìwé mi, n kì í kọ ìtumọ̀ síwájú òwe. Ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń kọ.

Ìdajì òwe ni wọ́n sì sábà máa ń sọ, bí àwa ṣe máa ní "ilé ọba tó jó" tí a ó sì dákẹ́. Bí ẹnìkan bá mí kanlẹ̀, tó ní "ab pachhtaye hot kya", ẹ bá a parí rẹ̀: "jab chidiya chug gayi khet". Kí ni àbámọ̀ fẹ́ ṣe nígbà tí ẹyẹ ti ṣa oko jẹ tán? Ẹni tó bá lè bá wọn parí òwe kì í tún ṣe àlejò pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi òwe náà ṣe àwòkọ fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. "Hot" yẹn, èdè àtijọ́ ni. "Hota hai" ni wọ́n ń sọ nísinsìnyí. Bákan náà ni "naach na jaane aangan tedha", ẹni tí kò mọ ijó jó ní àgbàlá ló wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ ijó jó, "mujhe naachna nahin aata" ni.

Ní ti ohùn, orí bá wa ṣe é díẹ̀. Oont, munh, mein, nahin, fáwẹ̀lì àránmúpè ló kún inú wọn, a sì ti ń fi imú sọ̀rọ̀ láti kékeré. D ni yóò fìyà jẹ wá. Ẹ mú "door ke dhol suhaavane", ìlù òkèèrè ló ń dùn létí. D ti door, ahọ́n kan eyín. Ti dhol, ahọ́n ká sẹ́yìn sí àjà ẹnu, èémí sì bá a jáde. Ẹ máa sọ ọ́ tẹ̀ lé ara wọn títí ẹnu yóò fi rọ̀.

Ẹ kọ ọ́ ní Devanagari, álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ Hindi, láti ìbẹ̀rẹ̀. "Jiski laathi uski bhains", ẹni tó ni ọ̀pá ló ni ẹfọ̀n. Ẹ wo जिसकी: àmì i kúkúrú dúró ṣáájú j bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ la ń pè é, i gígùn dúró lẹ́yìn k. Ọ̀rọ̀ kan péré, àmì méjèèjì ti wà níbẹ̀.

Ìwé tí mo lò, ìwé vyakaran, gírámà, àwọn ọmọ iléèwé ni. Ó pọ̀ ní Nai Sarak, ní Delhi àtijọ́, kò sì wọ́n. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "muhavare" àti "lokoktiyan" sí. Lokokti ni òwe tó dá dúró fúnra rẹ̀. Muhavara, àkànlò èdè, ní láti wọ inú gbólóhùn yín, kó sì yí padà bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣe yí. Ẹ fi muhavara dúró ná.

Àwọn kan wà tí n kì í sọ. "Kahan Raja Bhoj, kahan Gangu Teli" ń fi ọba Malwa kan wé ẹni tó ń fún òróró. Iṣẹ́ ìdílé ni Teli, bí Dhobi alágbàfọ̀ tí wọ́n fi ajá rẹ̀ pa òwe, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn sì wà láàyè, wọ́n lè jókòó tì yín nínú metro. Kò sí "tótó ṣe bí òwe" tó máa tún ìyẹn ṣe. Bí wọ́n bá sì ń yìn mí láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ mi pé Hindi mi dára, "andhon mein kaana raja" ni mo fi ń dáhùn, láàárín afọ́jú olójú kan lọba. Ẹ̀rín ló máa ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú gbogbo ẹni tó jókòó kí n tó sọ ọ́.