Bí A Ṣe Ń Ya Ọkàn Ènìyàn Sára Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ

Ọ̀pọ̀ ọkàn tí à ń rí lára aṣọ kì í ṣe ọkàn rárá. Ó rí bí ewé kókò, tọ̀tún-tòsì rẹ̀ dọ́gba, kò ní yàrá, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọkàn tó wà láyà wa dàgẹ̀rẹ̀, ó yí díẹ̀, àwọn iṣan ńláńlá sì ń gba ẹ̀yìn àti iwájú ara wọn kọjá lórí rẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló mú un yẹ àdìrẹ.

Àwọn ayàwòrán tó ń fi inú ara ènìyàn ṣe iṣẹ́ ọnà kò kéré. Ọmọ ọdún 7 ni Jean-Michel Basquiat nígbà tí mọ́tò kọlù ú ní New York lọ́dún 1968. Ilé ìwòsàn ló wà tí ìyá rẹ̀ fi fún un ní ìwé Gray's Anatomy, egungun àti ẹ̀yà ara inú ìwé náà kò sì kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Wangechi Mutu, ọmọ Kẹ́ńyà, mú àwòrán ìṣègùn àtijọ́ nípa àrùn ilé-ọmọ, ó gé àwòrán inú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di ojú obìnrin. Chidiebere Ibe, ọmọ Nàìjíríà, ló ya ọmọ dúdú nínú ikùn ìyá dúdú, àwòrán tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Lójú tèmi, ti Ibe ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Kò fọwọ́ kan ètò ara rárá, àwọ̀ nìkan ló dá padà sí tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọkàn sára aṣọ l'Ábẹ́òkúta, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kí ètò ara kọ́kọ́ tọ̀nà, kí ọnà tó gùn ún.

Kí ẹ tó mú pẹ́ńsùlù, ẹ ra ọkàn ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn ní ọjà Láfẹ́nwá tàbí Kútọ̀. Ẹ bẹ alápatà kó má gé àwọn iṣan orí rẹ̀ dànù, torí ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé nìyẹn, iṣan yẹn gan-an lẹ sì nílò. Bíi ti ènìyàn, yàrá 4 ló ní. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yíká: apá kan rọ̀, apá kejì le. Èyí tó le ni apá òsì, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìlọ́po 3 ti ọ̀tún. Bí ẹ bá ti mọ apá tó le, ẹ ò lè ṣi ọ̀tún mú fún òsì mọ́.

Nínú àwòrán ìṣègùn, ńṣe ni ẹni tí a ń yà kọjú sí wa, òsì rẹ̀ á wá bọ́ sí ọ̀tún wa. Nítorí náà, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ọkàn gbọ́dọ̀ kọjú sí apá ọ̀tún pépà. Láti iwájú, yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ló gba àyè jù. Ti òsì kàn yọ ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ṣóńṣó ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pín in sí méjì ọgbọọgba. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ìlà tó pààlà sáàárín yàrá méjèèjì, níbi tí iṣan tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ gbà sọ̀kalẹ̀, dàgẹ̀rẹ̀, ó sì sún mọ́ apá ọ̀tún pépà.

Orí ọkàn ni iṣẹ́ wà. Lápá òsì pépà, iṣan ńlá kan ń bọ̀ tààrà láti òkè, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ orí àti ọwọ́ padà wálé. Láàárín, iṣan tó tóbi jù lọ gòkè, ó tẹ̀ kọrọdọ sẹ́yìn sí apá ọ̀tún pépà, ẹ̀ka 3 sì yọ lórí ibi tó ti tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iṣan tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Iwájú ìdí iṣan tó tóbi jù lọ yẹn ló ti jáde, ó dàgẹ̀rẹ̀ gòkè, ó sì gba abẹ́ ibi tó tẹ̀ kọjá. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ jù: wọ́n á fi í sẹ́yìn, yàrá apá ọ̀tún ò wá ní ibi tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀ gbà jáde.

Ó wá kan gígé ohun tí a ó fi tẹ àwòrán sára aṣọ. Páànù làwọn ọkùnrin máa ń gé fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta látijọ́. Fún ìlà tín-ín-rín, mo fara mọ́ fíìmù X-ray tó ti gbó ju páànù lọ, torí bíléèdì ń gé e, ó sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, kí ẹ fọ àwòrán orí rẹ̀ kúrò. Á mọ́ gaara, ẹ ó sì lè tẹ́ ẹ lé àwòrán yín láti tọ ìlà. Orúkọ aláìsàn sábà máa ń wà ní igun rẹ̀, ẹ rí i pé ó pa rẹ́ pátápátá.

Ibi tí ẹ bá gé jáde ni ẹ̀kọ, èyí tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, máa gbà, ibẹ̀ ni yóò sì funfun. Bí ìlà tí ẹ gé bá yí ká tó pàdé ara rẹ̀, àárín á já bọ́, nítorí náà ẹ fi afárá sílẹ̀, ìyẹn ibi tóóró tí ẹ ò gé, tó so àárín mọ́ ìyókù fíìmù. Bí ọkàn bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí afárá má dín ní mìlímítà 3. Ibi tí iṣan kan ti gba ẹ̀yìn òmíràn kọjá ló yẹ kó wà, ojú á kà á sí òjìji. Bí ẹ bá fi sáàárín iṣan, ńṣe ló máa dà bíi pé iṣan náà dí.

Fíìmù kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí ọwọ́ bá yí i dànù, ọkàn á sọdá sí apá ọ̀tún àyà, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín ènìyàn. Henry Vandyke Carter, tó ya àwòrán inú ìwé Gray lọ́dún 1858, kọ orúkọ ẹ̀yà ara sórí ẹ̀yà náà gan-an. Ẹ gé lẹ́tà kan sí igun fíìmù yín, bíi K tàbí G. Bó bá ti kọ̀yìn, ẹ ó mọ̀ kí ẹ̀kọ tó kan aṣọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn bùbá ni àwòrán ń lọ, ọkàn tí a wò láti ẹ̀yìn ni kí ẹ yà: òsì á bọ́ sí òsì yín, yàrá òkè apá òsì àti iṣan 4 tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni yóò sì hàn jù.

Láfún tí a kù kúnná ni ẹ̀kọ rẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ fi pò ó kó tó dé orí iná, kó má bàa ṣu. Ẹ rò ó títí á fi nípọn, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Àwọn aláró máa ń fi álọ́ọ̀mù àti kópà sọ́fétì sí i. Májèlé ni kópà sọ́fétì, ìkòkò yẹn ò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná. Ẹ̀kọ tó bá ṣàn á wọ abẹ́ fíìmù. Èyí tó bá ki jù á sán nígbà tó bá gbẹ. Òkè tààrà ni kí ẹ gbé fíìmù sí, ẹ má fà á, kí ẹ sì nu abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tún un tẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni kí ẹ fi ya àwọn iṣan wẹ́wẹ́.

Pupa àti búlúù làwọn oníṣègùn fi ń ya ọkàn, aró kan ṣoṣo la sì ní. Fíìmù 2 ni ọ̀nà àbáyọ. Ti àkọ́kọ́ ni apá òsì ọkàn àti iṣan ńlá tó tẹ̀, èyí á funfun. Bí ẹ̀kọ rẹ̀ bá gbẹ dáadáa, ẹ ri aṣọ bọ aró lẹ́ẹ̀kan, ẹ sá a. Ẹ wá fi fíìmù kejì tẹ apá ọ̀tún, iṣan tó ń bọ̀ láti òkè àti iṣan tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìwọ̀nyí á dúró ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ lu ihò sí igun kan náà lára fíìmù méjèèjì kí wọ́n lè bára mu. Aró gbọ́dọ̀ tutù, kí aṣọ má sì pẹ́ nínú rẹ̀, torí ẹ̀kọ máa ń rọ̀. Ẹ rì í, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sọ àwọ̀ ewé rẹ̀ di búlúù, kó gbẹ, kí ẹ tó tún un rì, títí ilẹ̀ aṣọ á fi dúdú dáadáa. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ họ ẹ̀kọ kúrò, kí ẹ fi omi tútù ṣan án títí omi á fi mọ́, ẹ sì sá a síbi tí oòrùn kò dé.