Ara Tí Jẹjẹrẹ Fi Sílẹ̀ fún Àwa Ọ̀dọ́, ní Ìbàdàn àti ní Manchester

Àwọn ará ilé mi ní Ìbàdàn gbà pé ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ bá mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ni ó san owó iṣẹ́ abẹ mi, àti pé láti ọdún 2009 ni ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní England kò ti san kọ́bọ̀ mọ́ lórí oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Nílé, ẹbí a máa ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí owó san fún kẹmò, ìyẹn oògùn líle tí ń pa jẹjẹrẹ. Gbogbo wa ni a mọ èyí, n kò ní fà á gùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ohun tí ó sì dùn mí ni èsì tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún mi nígbà tí mo sọ fún wọn pé ara mi kò fẹ́ ọkùnrin mọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú: "Ṣebí o kò kú, kí ni o tún ń wá?"

N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n rí àrùn náà ní ọmú mi. Oògùn kẹmò bíi cyclophosphamide lè ba ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé jẹ́, kí nǹkan oṣù dúró lára ọmọbìnrin, kí ojú ara rẹ̀ gbẹ, kí ìbálòpọ̀ sì di ìrora. Lẹ́yìn ìyẹn ni tamoxifen, oògùn oníhóró tí à ń lò fún ọdún 5 sí 10 kí jẹjẹrẹ ọmú má baà padà, tí ó ń mú kí ooru bo ènìyàn lójijì. Àpá iṣẹ́ abẹ kò sì jẹ́ kí n fẹ́ bọ́ aṣọ níbi tí iná wà. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ obìnrin nìkan: jẹjẹrẹ kórópọ̀n wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín ọ̀dọ́kùnrin ní Britain, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè ba àtọ̀ tí ọmọkùnrin fẹ́ fi bímọ jẹ́.

Kí wọ́n tó gbé kẹmò àkọ́kọ́ kọ́ fún mi ní Manchester, nọ́ọ̀sì kan ti ìlẹ̀kùn, ó sì béèrè bóyá mo ní ẹni tí a jọ ń bá lò pọ̀, àti bóyá mo fẹ́ bímọ lọ́jọ́ iwájú. Ó ṣàlàyé pé wọ́n lè gba ẹyin mi kí wọ́n sì fi í pamọ́ sínú òtútù líle. Láti oṣù keje ọdún 2022 ni òfin ti gbà kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ìpamọ́ títí di ọdún 55, bí ẹni tí ó ni ín bá ń tún ìwé àṣẹ ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní kí n lo kọ́ńdọ̀mù lẹ́yìn kẹmò, nítorí pé oògùn náà lè wà nínú omi ara. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi kan gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílé. Kò tíì gbéyàwó, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rò pé ó yẹ kí a bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ìtọ́jú ni ó tó gbọ́ pé wọn ì bá ti fi àtọ̀ rẹ̀ pamọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ní Èkó fún ẹni tí ó bá tètè béèrè. Inú ń bí mi sí i di òní, nítorí pé ìbéèrè kò gba iná mànàmáná, kò sì gba ẹ̀rọ.

Síbẹ̀, ìdánìkanwà ìlú yìí le púpọ̀. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a ti ṣú kí agogo mẹ́rin tó lù, inú yàrá mi a sì dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà tí ọkùnrin tí à ń fẹ́ra ti lọ, ọwọ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni ó ń kan ara mi fún ìgbà pípẹ́. Ká ní Ìbàdàn ni mo wà, ìyá mi ì bá wẹ̀ fún mi, wọn ì bá sì fi òrí pa mí lára, àwọn ará àdúgbò ì bá kún pálọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rántí ohun tí mo rí nílé aláìsàn níbẹ̀: ìyá a tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀, wọ́n a ní kí ọkọ lọ sùn sí pálọ̀, kò sì sí ẹni tí ó máa rò pé ó yẹ kí àwọn méjèèjì ní àkókò tiwọn. Níhìn-ín mo ní ìlẹ̀kùn tí mo lè tì, ṣùgbọ́n n kò ní ẹni tí mo fẹ́ tì í mọ́ ara wa. Bí ọkùnrin bá sì wá, èmi nìkan ni mo máa pinnu ọjọ́ tí mo máa sọ fún un nípa ọmú mi. Nílé, ẹbí ì bá ti sọ ọ́, tàbí kí wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀, kí n tó la ẹnu.

Àwọn ará ilé mi ní kí n wálé wá fẹ́ ọkọ, kí n sì jáwọ́ nínú tamoxifen, oògùn tí kò jẹ́ kí n lóyún. Mo kọ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023, lórí obìnrin tí ó lé ní 500 tí wọ́n ní irú jẹjẹrẹ ọmú tí mo ní, fi hàn pé ẹni tí ó fi ìmọ̀ràn dókítà dá irú oògùn yìí dúró fún ìgbà díẹ̀ láti lóyún kò rí ìpadàbọ̀ àrùn ju àwọn mìíràn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tí wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ ni mo máa dúró sí. Mo sì ti bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé bí wọ́n bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kẹmò fún ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè nípa ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì wọ́n.