Àwọn Àgùdà gbà mí lálejò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gun Òkè Màríà, òkè àdúrà àwọn Àgùdà, ní Ọ̀tàn Ayégbajú o! Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Aládùúgbò mi ló fà mí lọ. Ó ní láti ìgbà tí màámi ti kú, mi ò yọjú síbì kankan mọ́.

Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ jókòó sí kí n máa wòran. Màmá àgbà kan sún lórí ẹní rẹ̀: "Bọ́ síbí, ọmọ mi, ilẹ̀ yẹn tutù." Kò bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ. Nígbà tí rósárì bẹ̀rẹ̀, ó di ìka mi mú, ó ń tì í lórí ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá, "Baba wa," ó tún di mẹ́wàá mìíràn. (Rósárì gùn o, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.) Ìgbà tí a kan ibi tí wọ́n ti ń bẹ Màríà pé kó gbàdúrà fún wa ní wákàtí ikú wa, ẹkún gbọ̀n mí. Màmá ò ní kí n dákẹ́. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù mí lójú, ẹnu rẹ̀ ò sì kúrò nínú àdúrà.

Lẹ́yìn Mísà, wọ́n ṣí kúlà: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé. Màmá béèrè orúkọ ìyá mi, ó ní kí ọmọ-ọmọ òun kọ ọ́ sórí fóònù, pé tó bá di 2 oṣù Bélú, ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, òun á fi sínú Mísà.

Ẹ̀yin ará ìjọ mi tí ẹ fẹ́ bá mi jà, inbox ni kẹ́ ẹ wá o.