Ẹ̀dọ̀fóró Kejì Ni Kẹ́ Ẹ Ṣọ́

Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn débi pé léèsì oníbàárà á ti rin kó tó gbé e dé abẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ omi lẹ́yìn ọwọ́, pílásítà ò lẹ̀ rárá. Báńdéèjì ni mo fi wé e. (Ẹ mú un dání o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ akunnilóorun.)

Ihò kéékèèké lábẹ́ abíyá ni gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi dá òógùn náà dúró. Wọ́n á ti kámẹ́rà bọ àyà, wọ́n á gé iṣan tó ń pàṣẹ òógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, wọ́n á bọ́ sí apá kejì. Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ló bo iṣan yẹn. Àwa akunnilóorun la ó mú un rọlẹ̀, tí èyí tó kù á máa dá mí. Túùbù ẹlẹ́nu méjì ni mo lò, ẹnu kan fún ẹ̀dọ̀fóró kọ̀ọ̀kan.

Apá ọ̀tún lọ wọ́ọ́rọ́wọ́: ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 97, 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti ń yangàn nínú. Bí wọ́n ṣe ní ó parí, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì péré, mo dí ọ̀nà ti òsì. Kò pẹ́ rárá: 91, 86, 82. Ohùn ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn, tó ń ké mí-mí-mí tẹ́lẹ̀, ti bọ́ sí dò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró!"

Ojú ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ le. Mo ṣí ọ̀nà méjèèjì, mo fi ọ́síjìn nìkan fẹ́ wọn wú díẹ̀díẹ̀, títí ohùn ẹ̀rọ fi gòkè padà. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ò tíì ṣí tán nígbà tí mo gbé gbogbo ẹrù lé e. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, mo ní kó ru àpò sìmẹ́ńtì.

Látìgbà náà, kámẹ́rà kì í jáde ní apá àkọ́kọ́ tí mi ò bá tíì fojú ara mi rí i pé ẹ̀dọ̀fóró wú kan ẹ̀gbẹ́ àyà. Lẹ́yìn náà, màá jẹ́ kí méjèèjì jọ mí fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi gáàsì ti ẹ̀dọ̀fóró sẹ́yìn, kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já tàbí tí ọkàn ń lù fàà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú gáàsì náà jáde kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí oògùn.

Ọ̀gá yẹn náà, kí n tó lanu báyìí, á ti dá kámẹ́rà dúró: "Ó ti wú tán?"