Ẹ dìde bí wọn ò tilẹ̀ pè yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Diane Abbott

Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé ilé káńsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń yá gbé, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ yín lójú yín, tí wọn ò fún yín láyè láti sọ tẹnu yín, ẹ má jókòó. Ẹ dìde. Bí wọn ò bá pè yín, ẹ tún dìde.

Ògiri yàrá àwọn ọmọ mi ti ń rin láti ìgbà òtútù. Nǹkan dúdú ń hù lára rẹ̀ láti ilẹ̀ títí dé òkè. Bí mo bá fi bílíìṣì nù ún lónìí, kò ní pẹ́ tó fi máa padà wá. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì àbíkẹ́yìn mi ló burú jù, ọmọ náà sì ní ikọ́ fée. Nígbà tí ìpàdé àwa ayálégbé dé, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo kó fọ́tò àti lẹ́tà dókítà sínú báàgì, mo lọ jókòó níwájú.

Mo nawọ́. Alága wò mí, ó pe ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi. Mo tún nawọ́, ó pe ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí wọ́n fi dé orí ọ̀rọ̀ ilé mi, nọ́ńbà ilé mi gan-an ni wọ́n pè. Ọkùnrin tó wá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé wa ní àwọn ìdílé kan wà tí wọn kì í ṣí fèrèsé, tó jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n ń sá aṣọ sí, tí oúnjẹ tí wọ́n ń sè sì ń rú èéfín jù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tiẹ̀ gbà mí sọ, ó ní bóyá wọn ò tíì ṣàlàyé fún mi ní èdè tó yé mi. Èmi tí mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn aláìsàn níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́! Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi olórí rèé, mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà lókè, wọ́n ń fá a lọ. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Alága wo aago, ó ní àkókò ti tán. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti wá bá mi pé kí n má bínú, ṣebí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ mi. Fọ́tò ò kúrò nínú báàgì. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Diane Abbott, aṣòfin obìnrin dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń pè ní Àǹtí Diane, ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ ó rántí March 13, 2024. Ọ̀rọ̀ tí Frank Hester, ọlọ́rọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative lówó, sọ ní 2019 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí gbangba: pé béèyàn bá rí Diane Abbott, á fẹ́ kórìíra gbogbo obìnrin dúdú, pé ó yẹ kí wọ́n yìnbọn fún un. Lọ́jọ́ yẹn, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, sọ̀rọ̀ lé e, Keir Starmer, olórí ẹgbẹ́ alátakò nígbà náà, sọ̀rọ̀ lé e. Àǹtí Diane wà níbẹ̀. Ìgbà 46 ni wọ́n dìde, bí aṣòfin ṣe ń tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí Sípíkà tó ń darí ìjókòó lè pè wọ́n. Sípíkà ò pè wọ́n. Ọ́fíìsì Sípíkà ní àkókò ni ò tó. Ṣé ẹ rí i pé bákan náà ni wọ́n ń sọ ọ́, nílé aṣòfin àti ní gbọ̀ngàn ayálégbé?

Ta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Ọmọ jórinjórin àti nọ́ọ̀sì tó wá láti Jàmáíkà, tí wọ́n bí ní Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953, tó ka ìtàn ní Cambridge nígbà tí irú wọn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní 1987, Hackney North and Stoke Newington, ẹkùn ìdìbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, dìbò yàn wọ́n, wọ́n di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ nílé aṣòfin. Apá òsì ẹgbẹ́ Labour ni wọ́n wà látìgbà náà, wọn ò yẹsẹ̀. Ní 2003 tí ẹgbẹ́ wọn wà lórí àga, wọ́n dìbò lòdì sí ogun Iraq. Ní 2008 wọ́n dìde lòdì sí òfin tí ì bá jẹ́ kí ọlọ́pàá ti èèyàn mọ́lé fún ọjọ́ 42 láìfẹ̀sùn kàn án. Amnesty, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ka èébú tí wọ́n ń kọ sí àwọn obìnrin aṣòfin lórí Twitter ṣáájú ìbò 2017, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Diane nìkan. Síbẹ̀, wọ́n ń dìde.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè lẹ́tà 2023 lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n kọ sí ìwé ìròyìn Observer nípa ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí Labour torí ẹ̀ dá wọn dúró. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹlòmíràn á ní ilé ìwé olówó ni wọ́n mú ọmọ wọn lọ. Àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn ò ní àwáwí lórí ìyẹn. Kò kan ohun tí mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n dìde, tó bẹ́ẹ̀ táwọn oníròyìn fi kà á. Ká ní wọ́n jókòó ni, ta ni ì bá mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní May 2024 Labour gbà wọ́n padà, ní July wọ́n wọlé ìbò, wọ́n di obìnrin tó pẹ́ jù nílé náà. Ní 2025 Labour tún dá wọn dúró.

Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú ìpàdé pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Ẹ sọ fún akọ̀wé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ nawọ́, wọn ò sì pè yín. Ṣùgbọ́n dídìde yẹn ṣáà ni. Ọwọ́ nínà ò tó, ó rọrùn láti mójú kúrò lára ọwọ́.

Tèmi, mo kọ̀wé sí káńsílọ̀, aṣojú àdúgbò wa nínú ìjọba ìbílẹ̀, mo fi fọ́tò sí i, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti wá ha ògiri náà. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀. Obìnrin ará Gánà tó ń gbé lókè mi, tí tirẹ̀ náà ń rin, ní òun á bá mi lọ. Àárín gbọ̀ngàn la máa jókòó sí. Bí wọn ò bá pè mí, òun á dìde. Bí wọn ò bá pe òun náà, àwa méjèèjì la jọ máa wà lórí ìdúró títí alága á fi wo aago.