Omi ló fọ́ orí ìyá ìyá mi

Orí ènìyàn àkọ́kọ́ tí mo fi amọ̀ mọ, orí ìyá ìyá mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe gèlè rẹ̀ àti ilà àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mi ò gbẹ́ inú rẹ̀ rárá. Mo sá a fún ọjọ́ mẹ́wàá, mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ, a bá gbé e sínú ààrò. Iná ò tíì pẹ́ tí mo fi gbọ́ gbòà! A jẹ́ kí iná náà jó tán. Nígbà tí ààrò tutù, etí kan àti àpáàdì ni mo rí ṣà, ó sì ti fọ́ ìkòkò ẹlòmíì mọ́ ọn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Wọ́n á ní afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ló ń fọ́ ọ. Omi ni. Ẹ̀yìn amọ̀ tó nípọn lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí ooru bá kọjá 100°C, omi náà á hó, á fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Púpọ̀ nínú àwọn orí amọ̀ àtijọ́ Ilé-Ifẹ̀ ni inú wọn ṣófo, tí ọrùn wọn sì là sílẹ̀.

Ní báyìí, mo máa ń dúró kí ère le bí ọṣẹ ìfọṣọ. Tó bá rọ̀ jù, yóò wó. Tó bá gbẹ jù, yóò sán. Màá fa ìlà kéékèèké sọdá ibi tí mo fẹ́ gé, kí n lè mọ bí yóò ṣe padà bára mu, màá wá fi waya gé àtàrí kúrò. Waya tí mo tẹ̀ bí òrùka ni mo fi ń ha inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ ò fi ní nípọn ju ìka kan lọ. Imú àti àgbọ̀n ló ń tan ènìyàn jẹ: ẹ gbẹ́ ẹ̀yìn wọn dáadáa, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un wò. Tí mo bá fẹ́ dé e padà, màá fi ọ̀bẹ ha etí méjèèjì, màá fi amọ̀ tí mo pò bí ògì lẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, màá fi ọ̀rá bò ó kó rọra gbẹ. Kí n tó sun ún, màá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Tó bá ṣì tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Mo gún àpáàdì ti àkọ́kọ́ yẹn, mo pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, òun ni mo fi mọ orí ìyá ìyá mi kejì. Ó wà ní pálọ̀ wa báyìí.