Ibi tí oòrùn dé nílẹ̀

Láti Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé sọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn, tí ó wà ní Iléṣà, fi àwòrán agboolé kan hàn wá: gbogbo fèrèsé ńláńlá rẹ̀ ló kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, láìsí ìbòòji kankan. Mo rán wọn létí ilé ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn tí Arieh Sharon yàwòrán rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí àjà òkè ti yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ó sì ń ṣíji bò ó. Ṣùgbọ́n ara ni a fi ń mọ oòrùn, kì í ṣe ojú ẹ̀rọ. Nítorí náà mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ẹfun sàmì sí ibi tí oòrùn dé nínú yàrá wọn láti agogo mẹ́ta ọ̀sán. Lánàá, ó fi fọ́tò ránṣẹ́: ìlà ẹfun mẹ́ta lórí sìmẹ́ńtì, èyí tó jìnnà jù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà," ni ó kọ sí i, "nínú àwòrán mi, mo ti kó ilé ìdáná àti yàrá ìkẹ́rù sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, mo sì ti yí fèrèsé sí àgbàlá." Inú mi dùn dé egungun.